Kí Ló Ń Mú Wáyà Extension Gbóná?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Wáyà extension kan tó gùn tó mítà 30 ni mo fi ń fa iná láti inú ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá tan gílóòbù àti fáànù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n kọ watt 2000 sí lára, gílóòbù á ṣe bàìbàì, wáyà á sì gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní áyọ́ọ̀nù ló burú, kí n tà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tà á, ìyá wa. Òótọ́ ni pé áyọ́ọ̀nù máa ń jẹ iná púpọ̀, àmọ́ wáyà yín ló yẹ kí ẹ wò.

Fólítéèjì ni agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà, volt ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; ìṣàn ni bí iná tó ń kọjá ti pọ̀ tó, ampere ni tirẹ̀; ìdènà sì ni bí ohun tí iná ń gbà kọjá ṣe ń dí i lọ́wọ́ tó, ohm sì ni tirẹ̀. Georg Simon Ohm, olùkọ́ ìṣirò ará Jámánì, fi wáyà bàbà tí gígùn wọn yàtọ̀ síra dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1827 pé bí a bá fi ìdènà pín fólítéèjì, ìṣàn la ó rí.

Iná ilé wa jẹ́ volt 230, nígbà tó bá pé o. Ìdènà irú áyọ́ọ̀nù yín tó bíi ohm 26. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ oní-mítà 30 ń gbé iná lọ, ó tún ń gbé e bọ̀, ìdènà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì lè tó ohm 2. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi pín 230: ampere 8 àti díẹ̀ ni yóò máa ṣàn. Nínú ohm 2 tó wà lójú ọ̀nà, ampere 8 yìí ń ná volt 16, bẹ́ẹ̀ ni volt 214 péré ló kù fún áyọ́ọ̀nù àti gílóòbù tó wà lórí extension kan náà. Ohun tó mú gílóòbù ṣe bàìbàì nìyẹn.

Ti ooru ló wá le jù. James Prescott Joule, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1841 pé bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, a ó fi ìṣàn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 64. Ẹ fi ìdènà ohm 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di watt 128, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru lára wáyà. Fáànù àti gílóòbù ńkọ́? Bí àwọn méjèèjì bá gba ààbọ̀ ampere, ooru tiwọn lára wáyà náà kò ju ààbọ̀ watt lọ. Bí ẹ bá sì ká èyí tó ṣẹ́kù nínú wáyà jọ sábẹ́ tábìlì, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, rọ́bà ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù náà wò pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dúdú, tàbí tí ike rẹ̀ ti yọ́ díẹ̀, á jẹ́ pé kò jókòó dáadáa nínú sókẹ́ẹ̀tì. Ìdènà ààbọ̀ ohm péré níbẹ̀ ń mú ooru watt 32 wá sí ojú kan ṣoṣo, kò tàn ká bíi ti wáyà gígùn. Èmi bẹ̀rù ibẹ̀ ju wáyà lọ.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná bá yín fa wáyà bàbà tó nípọn jù èyí lọ, tí wọ́n ń pè ní 2.5, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìdènà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò tó ààbọ̀ ohm, ooru inú rẹ̀ á sì dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá dábàá pé kí ẹ fi fíúsì tó tóbi jù tàbí wáyà lásán rọ́pò èyí tó ń já, ẹ má gbà, nítorí fíúsì kì í dín ìdènà wáyà kù; ńṣe ló ń já kí wáyà má bàa jó.