Púlọ́ọ̀gì Tí Kò Ta Iná: Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Ìlagi Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, okun o, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n fi iṣẹ́ gẹdú tọ́ gbogbo wa dàgbà, fi ẹ̀rọ ìlagi ńlá kan sílẹ̀, ará Jámánì, irú èyí tí kọ́ńtáàtì rẹ̀, irin kékeré méjì tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé láti já iná, wà lábẹ́ fúláìwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin tí okùn ń yí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó ti wà lórí àjà ilé ìdáná. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo da epo tuntun sí i, mo ra púlọ́ọ̀gì tuntun, mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí, kò dáhùn. Mẹkáníìkì kan ní Kàbà ní kọ́ìlì rẹ̀, ìdì wáyà tí ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ti jó, pé kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún òun kí òun bá mi wá òmíràn tí yóò wọ̀ ọ́. N kò fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni pé kọ́ìlì ni? — Ọmọ Onígẹdú, Ìyàrá.

ÌDÁHÙN: Okun o, Ọmọ Onígẹdú, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí kọ́ìlì ti jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ oní-kọ́ńtáàtì tí ó ti wà lájà fún ọdún gbọọrọ, kọ́ìlì ni ó yẹ kí ènìyàn fura sí kẹ́yìn. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń pa iná irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kan kọ́ìlì: wáyà ìpaná tí ó ti kan irin, ojú kọ́ńtáàtì tí ó ti dípẹtà, àti kọ̀ndẹ́ńsà tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá ní sípánà, sùkúdíráífà àti mítà kékeré irú èyí tí àwọn rìwáyà ń lò lè yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò nílé ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́ìlì àtijọ́ ṣòro láti rí, èyí tí wọ́n bá sì tú kúrò lára ẹ̀rọ kì í sábà mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ó dára kí ẹ mọ ọ̀nà tí iná náà ń gbà. Ẹ̀rọ yìí kò ní bátìrì. Irin òòfà tí wọ́n gbìn sínú fúláìwíìlì ni ó ń pèsè iná. Nígbà tí ẹ bá fa okùn, òòfà náà a yí kọjá níwájú kọ́ìlì, iná díẹ̀ a sì máa sáré nínú wáyà nínípọn tí wọ́n kọ́kọ́ wé sínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣì pa ẹnu dé. Bí písítìnì bá ti ń sún mọ́ òkè, ibi tí ó yọ gọngọ lára ṣáàfù, ọ̀pá irin tí písítìnì ń yí, a ti kọ́ńtáàtì ṣí lójijì, iná yẹn a já, agbára òòfà inú kọ́ìlì a wó lẹ́ẹ̀kan náà, wíwó rẹ̀ ni ó sì ń gbé iná tí ó lè ju 10,000 fóltì lọ dìde nínú wáyà tínínrín kejì, èyí tí ó lágbára tó láti fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ kọ̀ndẹ́ńsà ni láti gba iná tí ì bá máa ta ní ojú kọ́ńtáàtì mọ́ra, kí ojú náà má baà jó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé: Gottlob Honold, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Robert Bosch, ti ṣe irú rẹ̀ tí ó ń lo púlọ́ọ̀gì ní 1902, kí Andreas Stihl, ẹni tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìlagi, tó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Stuttgart ní 1926. Ohun tí ó wà lábẹ́ fúláìwíìlì yín kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tayé ìgbà náà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣeé tún ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò ta iná. Ẹ yọ ṣéènì kúrò, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà, ẹ sì nu gbogbo epo tí ó dà sára ẹ̀rọ gbẹ, nítorí ooru epo tí ń ti ihò púlọ́ọ̀gì jáde lè gbaná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ ti orí rẹ̀ bọ inú ìdérí wáyà, kí ẹ wá fi wáyà lásán de ara irin rẹ̀ mọ́ irin sílíńdà, níbi tí ó jìnnà sí ihò. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé nínú oòrùn ọ̀sán, iná kékeré lè ta kí ẹ má rí i. Ẹ wá fa okùn kíákíá. Iná tí ó dára a máa ní àwọ̀ búlúù, a sì máa dún tá. Èyí tí ó bá pọ́n tàbí tí ó ní àwọ̀ ọsàn ti rẹ̀, ó lè ta níta kí ó má lè ta nínú sílíńdà níbi tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀. Ẹ má ṣe fa okùn nígbà tí wáyà púlọ́ọ̀gì bá dá wà láìkan ohunkóhun, nítorí iná tí kò rí ọ̀nà jáde a máa lu awọ inú kọ́ìlì já, bí àwọn kan sì ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn pa kọ́ìlì tí wọ́n ń yẹ̀ wò nìyẹn. Ẹ má sì fọkàn tán púlọ́ọ̀gì tuntun náà jù. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Púlọ́ọ̀gì àlòkù tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹ̀rọ mìíràn sàn fún ìdánwò jù ú lọ.

Bí kò bá ta iná, wáyà ìpaná ni kí ẹ lọ bá. Wáyà yìí, tí ó ti ìdí bọ́tìnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ wọ abẹ́ fúláìwíìlì, ń da iná kọ́ìlì sí ara irin kí ẹ̀rọ lè kú. Bí awọ rẹ̀ bá bó, tí ó sì kan irin níbì kan, pípa ni ẹ ń pa ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń fà á. Ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ lórí àjà, èkúté a máa jẹ wáyà rẹ̀, ẹrùpẹ̀ agbọ́n a sì máa kún inú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ojú tọ wáyà náà láti òpin dé òpin. Ẹ yọ ọ́ ní ìdí bọ́tìnì kí ó dá wà, kí ẹ tún fà. Bí iná bá ta báyìí, ẹ ti rí ọ̀tá, wáyà tuntun ni gbogbo àtúnṣe rẹ̀. Ẹ má kàn gbé e lọ sóko láìso wáyà náà padà, torí ẹ̀rọ tí kò ṣeé pa kì í ṣe ohun tí à ń gbé wọ inú igbó.

Ojú kọ́ńtáàtì ni èmi fúnra mi fura sí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yín. Láti dé ibẹ̀, ó lè di dandan kí ẹ yọ fúláìwíìlì. Ẹ má fi sùkúdíráífà há àárín abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, yóò kán. Okùn ni kí ẹ lò: ẹ rọra yí fúláìwíìlì títí písítìnì yóò fi gòkè kọjá ihò ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, ẹ ki okùn mímọ́ gba ihò púlọ́ọ̀gì wọlé kí orí rẹ̀ kan wà níta, písítìnì yóò sì dúró lórí okùn náà nígbà tí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí nọ́ọ̀tì wọn ń tú sí apá ọ̀tún, nítorí náà ẹ wo tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó fi agbára sí i. Púlà, irinṣẹ́ tí a fi ń fa nǹkan yọ, ni kí ẹ fi yọ fúláìwíìlì fúnra rẹ̀, kì í ṣe òòlù.

Bí ó bá ti kúrò, ẹ ó rí ojú irin kéékèèké méjì tí ń dojú kọ ara wọn, tí sípíríǹgì ń tì pọ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí i. Nínú ẹ̀rọ tí ó ti gbé ibi tí èéfín àti ọ̀rinrin wà, ojú méjèèjì a máa ní àwọ̀ eérú. Nígbà mìíràn ẹ kò tilẹ̀ ní í rí nǹkan kan, síbẹ̀ ìpẹtà tínínrín tí ó bò ó ti tó láti dí iná kékeré yẹn lọ́nà. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì àti ti kọ̀ndẹ́ńsà kúrò lára kọ́ńtáàtì, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: bí ó bá pa ẹnu dé, mítà gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo, bí ó bá ṣí, kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ẹ ṣẹ́ sáńpépà tí ó kúnná jù lọ po, ẹ fà á gba àárín ojú méjèèjì ní ìwọ̀nba, lẹ́yìn náà kí ẹ fi páálí funfun tí ẹ ti rẹ sínú sípíríìtì fà á, kí ẹ sì tún fi páálí gbígbẹ fà á títí kò fi ní í yọ dúdú mọ́. Páálí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, eruku sáńpépà tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ni ó tún ń dí iná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì í padà.

Lẹ́yìn èyí ni àlàfo. Ẹ yí ṣáàfù títí kọ́ńtáàtì yóò fi ṣí dé òpin, ẹ sì fi fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tínínrín tí a fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ irú yìí, láti mìlímítà 0.35 sí 0.4 ni, àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ iye mìíràn. Àlàfo yìí kì í ṣe ohun tí à ń fojú díwọ̀n, torí pé bí ó bá ṣe tóbi tó ni iná ṣe ń tètè ta tó. Bí ẹ bá sì bá ọ́ìlì ní ibẹ̀, ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde ní ìdí ṣáàfù, ti já. Bí ẹ kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ó tún padà síbẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé ojú kan ti yọ òkè tí èkejì sì ti gbẹ́ kòtò, tàbí pé méjèèjì ti jó dúdú, kọ̀ndẹ́ńsà ni kí ẹ pè lẹ́jọ́. Èyí tí ó súnmọ́ 0.2 microfarad sábà máa ń ṣiṣẹ́, ẹ sì lè rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò alùpùpù àtijọ́. Bí kò bá wọ ààyè rẹ̀, ẹ lè dè é síbòmíràn, bí ara irin rẹ̀ bá ṣáà ti kan irin ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí nìkan ni ọ̀rọ̀ kan kọ́ìlì. Apá nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju óòmù (òṣùwọ̀n ìdíwọ́ iná lórí mítà) kan tàbí méjì lọ, apá tínínrín a sì máa jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan ní ọ̀kan nínú méjèèjì, wáyà inú rẹ̀ ti já, òótọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá fi mítà kàn án kí ó tó sọ ọ́, àfọ̀ṣẹ ni ó ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ tèmi máa ń jí dáadáa láàárọ̀. Bí mo bá ti la igi ayín kan tán, yóò kú, kò sì ní í jí mọ́ àfi bí ara rẹ̀ bá tutù. Kí ni mo lè ṣe? — Alágbàro Igi, Ìsánlú.

ÌDÁHÙN: Ẹ mú púlọ́ọ̀gì kejì àti sípánà rẹ̀ dání lọ sóko. Lọ́gán tí ẹ̀rọ bá kú, kí ara rẹ̀ tó tutù, ẹ dán iná wò bí a ti ṣàlàyé lókè, kí ẹ sì ṣọ́ra fún sílíńdà tí ó gbóná. Bí iná bá ń ta, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ epo ni: ẹ tú ìdérí táǹkì díẹ̀, bí ó bá mí sóòò tí ẹ̀rọ sì jí, ihò tí táǹkì fi ń mí ni ó dí. Bí iná kò bá sí, tí ó sì padà nígbà tí ẹ̀rọ tutù, wáyà inú kọ́ìlì ti lè já tí ó ṣì ń kan ara rẹ̀ nígbà tútù, kí ooru tó fà á pínyà. Kọ̀ndẹ́ńsà náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ndẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ torí owó rẹ̀ kéré. Bí kò bá yí padà, ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀, ẹ sá a sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó ti bàjẹ́ lè fi ara rẹ̀ hàn níbẹ̀.

Ẹ tún wo àárín àwọn abẹ̀bẹ̀ sílíńdà. Ayín le, eruku rẹ̀ kúnná, bí ó bá sì po mọ́ ọ́ìlì, yóò dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pátápátá, ooru tí kò yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì yóò sì dé ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ ìlagi mi máa ń já okùn gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ ọmọ ìka mi. — Òǹkàwé, Mọ̀pà.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fà á mọ́ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Iná ń ta ṣáájú àkókò. Ó lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kékeré tí ó so fúláìwíìlì mọ́ ṣáàfù ti gé, tí fúláìwíìlì sì ti yí kúrò ní ààyè rẹ̀, tàbí pé àlàfo kọ́ńtáàtì ti fẹ̀ jù. Ẹ fi ìwé tínínrín há ojú kọ́ńtáàtì, ẹ rọra yí fúláìwíìlì. Ibi tí ìwé náà bá ti yọ́ bọ́ ni iná ti ń ta, ó sì yẹ kí àmì ara fúláìwíìlì àti ti ara ẹ̀rọ bára mu níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé chip kékeré kan wà tí a lè fi rọ́pò kọ́ńtáàtì àti kọ̀ndẹ́ńsà? — Òǹkàwé, Kàbà.

ÌDÁHÙN: Ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba kọ́ìlì tí ó ti jó là, kò sì wúlò fún fúláìwíìlì tí òòfà rẹ̀ ti rọ. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí ẹ ó ti fi ṣúrúù dè é, kí irin kan irin, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí ooru sílíńdà lè pa á. Èmi kò ní í fi í sí ẹ̀rọ tí kọ́ńtáàtì rẹ̀ ṣì dára. Bí ẹ bá sì fi í sí i, ẹ wé kọ́ńtáàtì àtijọ́ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́.