Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kámẹ́rà Kékeré Lórí Linux

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fi wáyà USB so kámẹ́rà kékeré mi mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu, ìyẹn oríṣi Linux kan, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó yọjú. Àwo CD tó bá kámẹ́rà náà wá, Windows nìkan ló wà fún. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fi àwo yẹn sílẹ̀, ẹ kò nílò rẹ̀ rárá. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wáyà USB pọ̀ tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, tí okùn méjì tí fáìlì ń gbà kọjá kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣí tẹ́míná, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ lsusb, tó ń to àwọn ohun tí a so mọ́ USB, kí ẹ tó so kámẹ́rà. Ẹ wá so ó, ẹ tan án, kí ẹ tún lsusb tẹ̀. Ìlà kan gbọ́dọ̀ lé sí ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá lé, ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ lo ihò USB tó wà lára kọ̀ǹpútà gan-an, kí ẹ sì rí i pé iná wà nínú bátìrì. Àwọn kámẹ́rà kan kì í dá kọ̀ǹpútà lóhùn àfi tí ẹ bá fi wọ́n sí ipò wíwo fọ́tò, ìyẹn bọ́tìnì tó ní àmì onígun mẹ́ta.

Tí ìlà náà bá wà, tí fọ́tò kò sì hàn, ẹ wo mẹ́nù kámẹ́rà. Ọ̀nà méjì ló ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mass Storage máa ń jẹ́ kí ó hàn bíi fúláàṣì: ẹ ó rí fódà DCIM, inú rẹ̀ ni àwọn fódà bíi 100CANON tàbí 101MSDCF wà. PTP yàtọ̀. Níbẹ̀, kámẹ́rà kì í yọ̀ǹda káàdì rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka fáìlì jáde bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń béèrè. Ìdí nìyí tí kò fi ní hàn láé nínú lsblk, àṣẹ tó ń to àwọn díìsìkì. Ètò kan tó ń jẹ́ libgphoto2 ló gbọ́ PTP lórí Linux, òun náà sì ni Shotwell àti digiKam, àwọn ètò ìtọ́jú fọ́tò, ń lò, torí náà ẹ fi ọ̀kan nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀pọ̀ Canon PowerShot, PTP nìkan ni wọ́n ní. Tí tiyín bá ní méjèèjì, Mass Storage ni kí ẹ yàn.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo bá lo gphoto2, àṣẹ tó ń kó fọ́tò jáde nínú kámẹ́rà, ohun tó ń kọ ni “Could not claim the USB device”. Mo fi sudo, tó ń fúnni ní agbára alábòójútó, sí i, kò tán.

Ìdáhùn: Ètò méjì ló ń du kámẹ́rà kan. Kí ẹ tó tẹ àṣẹ yín, gvfs, apá GNOME (ojú iṣẹ́ Ubuntu) tó ń ṣí ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, ti rí kámẹ́rà, ó sì ti dì í mú kí ó lè fi hàn yín lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo ni PTP ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó tú u sílẹ̀:

gio mount -s gphoto2

Tí ó bá tún gbá a mú, ẹ tẹ pkill -f gphoto2, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi sudo ṣe é: àwọn fọ́tò tó bá wọlé yóò di ti root, ìyẹn alábòójútó kọ̀ǹpútà, ẹ kò sì ní lè tún wọn ṣe bó ṣe wù yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe fódà tuntun, ẹ wọ inú rẹ̀. gphoto2 --auto-detect yóò sọ orúkọ kámẹ́rà, gphoto2 --list-files yóò to àwọn fáìlì rẹ̀. Ẹ wá kó wọn:

gphoto2 --get-all-files --filename "%Y%m%d-%H%M%S-%f.%C"

Apá ìkẹyìn yẹn, láti --filename lọ, ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́yìn fọ́tò 9999, kámẹ́rà yóò padà sí 0001 nínú fódà mìíràn. Tí ẹ bá kó wọn pẹ̀lú orúkọ lásán, tí ẹ sì fi --skip-existing sí i, gphoto2 yóò fo IMG_0001 tuntun torí pé ti àtijọ́ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó bá wá pa káàdì rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ti pàdánù fọ́tò nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ àti àkókò sára orúkọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ya fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ tẹ gphoto2 --abilities ná. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo yọ káàdì, mo fi sínú ihò káàdì kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi. Ti 8 GB ń ṣí, ti 64 GB kò ṣí.

Ìdáhùn: Káàdì tó ju 32 GB lọ jẹ́ SDXC, exFAT, ìlànà ìtò fáìlì kan, sì ni kámẹ́rà fi ń tò ó. SDHC, tó jẹ́ 32 GB sísàlẹ̀, FAT32 ni tirẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì (ọkàn) Linux 5.7 ti ọdún 2020 ní exFAT tó péye nínú. Lórí èyí tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi exfat-fuse sí i. Ṣùgbọ́n tí lsblk kò bá rí káàdì rárá, kò kan exFAT: ihò náà ni kò mọ SDXC, káàdì rídà USB tuntun ni ojútùú rẹ̀. Ní tiwa, káàdì rídà ló dára ju wáyà lọ nígbà gbogbo, torí kì í jẹ bátìrì kámẹ́rà, kò sì sí ìjà gvfs níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí! Mo ṣèèṣì pa gbogbo fọ́tò inú káàdì rẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ yọ káàdì nínú kámẹ́rà báyìí, ẹ má ya fọ́tò kan sí i mọ́. Pípa rẹ́ kì í nu fọ́tò. Àkọsílẹ̀ ibi tó wà nìkan ni kámẹ́rà fagi lé, ohun tuntun tí ẹ bá kọ sórí rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹ ti bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì sí ibi tí a kọ Lock sí. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú lsblk, bíi sdb tàbí mmcblk0. Ìwọ̀n káàdì ni kí ẹ fi dá a mọ̀, kí ẹ má baà mú díìsìkì kọ̀ǹpútà. Ẹ wá ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ (ẹ fi orúkọ tí ẹ rí rọ́pò sdb):

sudo ddrescue /dev/sdb card.img card.map

Lórí Debian àti Ubuntu, gddrescue ni orúkọ páálí tí àṣẹ yìí wà nínú. Káàdì 16 GB ń fẹ́ àyè 16 GB lórí díìsìkì. Ẹ fi testdisk sórí kọ̀ǹpútà, PhotoRec wà nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ photorec card.img. Ẹ yan apá tí FAT wà, ẹ yan Other, kí ẹ yan Free tó bá jẹ́ pípa rẹ́ lásán, Whole tí káàdì fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Ẹ yan fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ C. Àwọn fọ́tò yóò wà nínú recup_dir.1, láìní orúkọ wọn àtijọ́. Ọjọ́ tí a yà wọ́n ṣì wà nínú EXIF, àkọsílẹ̀ tó wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ fi sọ wọ́n lórúkọ:

exiftool -d %Y%m%d-%H%M%S%%-c.%%e '-FileName<DateTimeOriginal' recup_dir.*

Fídíò lè má wá tán, pàápàá èyí tó fọ́n káàkiri káàdì, torí PhotoRec ń retí pé kí fáìlì tò tẹ̀ léra.

Ìbéèrè: Àkókò tó wà lára fọ́tò mi fi wákàtí kan wà lẹ́yìn àkókò gidi.

Ìdáhùn: Aago kámẹ́rà ni ẹ kò tò dáadáa. Ẹ tún un ṣe níbẹ̀ kí ẹ tó ya òmíràn. Fún èyí tí ẹ ti yà, ẹ wọ fódà wọn, ẹ tẹ exiftool "-AllDates+=1" . pẹ̀lú àmì ìdánudúró ìkẹyìn yẹn. exiftool yóò fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú _original lẹ́yìn orúkọ. Ẹ wo fọ́tò díẹ̀ kí ẹ tó pa àwọn yẹn rẹ́. Tí aago bá ń padà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ bátìrì, bátìrì kékeré tó ń gbé aago nínú kámẹ́rà ti kú.