Ọyàn ń dùn mí: ṣé ìgbà yẹn ni ẹyin ń jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 29 ni mí. Ọjọ́ 31 síra wọn ni nǹkan oṣù mi máa ń wá, kì í sábà yẹ̀. Bó bá ti ku nǹkan bí ọjọ́ 10 kó dé, ọyàn mi méjèèjì á wú, wọ́n á sì máa dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé àmì pé ẹyin fẹ́ jáde nìyẹn, ni èmi àti ọkọ mi bá ń fi ọjọ́ wọ̀nyẹn wá oyún. Oṣù kẹjọ rèé, oyún kò dúró. Ṣé ọyàn yìí ló yẹ ká máa wò, àbí àmì mìíràn wà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọyàn yín kò parọ́, àmọ́ ohun tó ti kọjá ló ń ròyìn. Nígbà tó bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹyin ti jáde, ó sì ti kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà tí ẹyin bá ti jáde títí di ìgbà tí nǹkan oṣù máa dé, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 14. Ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì dín tàbí kó lé. Nígbà tí tiyín jẹ́ 31, ẹ yọ 14 kúrò, ó ku 17. Ìyẹn ni pé nítòsí ọjọ́ 17 ni ẹyin yín ń jáde. Ọyàn yín kì í sì í dùn yín títí di nǹkan bí ọjọ́ 21. Ẹyin kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ ni kò tíì bá ara mu, kì í ṣe pé nǹkan kan ń ṣe yín.

Ohun tó ń fa ọyàn dídùn ni pé, nígbà tí ẹyin bá jáde tán, àpò kékeré tó fi sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mónù kan jáde tó ń jẹ́ progesterone. Ilé ọmọ ló ń tún ṣe sílẹ̀ fún oyún, àmọ́ ó ń kan ọyàn náà: ibi tí wàrà ti ń wá á wú, omi á dúró sínú ẹran ara, ọyàn á wúwo, ìrora náà á máa fà lọ sí abẹ́ apá. Bí oyún kò bá sí, họ́mónù náà á wálẹ̀, nǹkan oṣù á dé, ara á sì tu yín. Àwọn obìnrin kan wà tí ọyàn wọn kì í dùn rárá, tí ẹyin wọn sì ń jáde dáadáa.

Àmì tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ni omi ojú ara. Láàárọ̀, kí ẹ tó tọ̀, ẹ fi tíṣù funfun nu ojú ara yín láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ mú ohun tó bá wà lórí rẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ rọra ya ìka méjèèjì síra. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá lọ, ó lè gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà á funfun, á ki bí ìpara, á sì já bí ẹ bá fà á. Bí ẹyin bá ti ń sún mọ́ àtijáde, á mọ́ gaara, á máa yọ̀, á sì máa fà gùn láìjá, bíi funfun ẹyin adìyẹ tí a kò tíì sè. Ọjọ́ yín nìyẹn. Inú omi yìí ni àtọ̀ ti lè wà láàyè tó ọjọ́ 5, kó máa dúró de ẹyin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 17 gan-an: láti ọjọ́ 12 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì. Àmọ́ bí omi náà bá ń rùn, tàbí tí ojú ara ń yún yín, àrùn ló lè fà á, kì í ṣe ẹyin.

Inú ìsàlẹ̀ tó ń ro àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo ní àkókò náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń rí i. Tẹmómítà ń fi hàn pé ara gbóná díẹ̀ sí i, àmọ́ bíi ti ọyàn ló rí, ó dìgbà tí ẹyin bá ti jáde. Ohun àyẹ̀wò ìgbà tí ẹyin ń jáde, tí wọ́n ń fi ìtọ̀ ṣe, wúlò: bó bá ti fi àmì hàn, láàárín wákàtí 24 sí 36 ni ẹyin sábà máa ń jáde.

Ní ti ìrora ọyàn fúnra rẹ̀, kọ́mú tó bá ara yín mu dáadáa ń ṣèrànwọ́. Ẹ má ṣe lo ibuprofen, oògùn ìrora, láìbéèrè lọ́wọ́ apoògùn tàbí dókítà, nítorí oyún tí ẹ ń wá. Bí nǹkan oṣù kò bá dé tí ọyàn ṣì ń dùn yín, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ìrora méjèèjì jọra débi pé èèyàn kò lè fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú kan lára ọyàn kan ló ń dùn yín, tàbí kókó kan wà tí kò lọ lẹ́yìn nǹkan oṣù, tàbí awọ ọyàn ń kó jọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, ẹ má ṣe ka ọjọ́ kankan mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo fítámì tó ń jẹ́ folic acid, 400 microgram lójoojúmọ́ láti ìsinsìnyí. Ní ọjọ́ orí yín, bó bá pé ọdún kan tí oyún kò tíì dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó ti pé ọdún 35 kì í dúró ju oṣù 6 lọ. Kí ọkọ yín bá yín lọ, kí wọ́n sì yẹ àtọ̀ tiwọn náà wò lọ́jọ́ kan náà, torí àyẹ̀wò yẹn rọrùn ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n máa ṣe fún ẹ̀yin lọ.