Ṣé ìyà ni kí n dá lẹ́bi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo ná owó àjọ tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Ṣé mo lè sọ fún Ọlọ́run pé ìyà ló tì mí sí i?

Ìdáhùn: Ìyà kọ́ ló ṣí àpótí owó náà. Nínú Bíbélì, nígbà tí wòlíì Sámúẹ́lì bi Ọba Sọ́ọ̀lù léèrè nípa ẹran àwọn ará Ámálékì, ọ̀tá Ísírẹ́lì, tí Ọlọ́run ní kí ó pa run, Sọ́ọ̀lù ní àwọn èèyàn ló dá a sí láti fi rúbọ, bẹ́ẹ̀ igbe àgùntàn ọ̀hún ń dún létí àwọn méjèèjì. Ọba Dáfídì, tó gba ìyàwó oníyàwó tó sì ní kí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, kò wí ju pé òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Ẹ jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ná fún àwọn alájọ yín.