Ọ̀kẹ́sírà: ojú agbo ijó ni kó tó di orúkọ àwọn tó ń lo ohun èlò orin

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni pé ijó ni ọ̀rọ̀ náà "ọ̀kẹ́sírà" bá tan níbẹ̀rẹ̀? Báwo ló ṣe wá di orúkọ àwọn tó ń lo ohun èlò orin?

Ìdáhùn: Lóòótọ́ ni. Lédè Gíríìkì àtijọ́, orkheisthai ni kéèyàn jó, orkhestra sì ni ibi tí wọ́n ti ń jó. Ojú agbo gan-an ni. Ti ìlú Epidaurus nílẹ̀ Gíríìsì ṣì wà títí dòní, ó rí roboto, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 20 mítà, ìjókòó olókùúta gba ara òkè lọ sókè níwájú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní khoros ti ń jó tí wọ́n sì ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà: èèyàn 15 nínú eré ìbànújẹ́ ìgbà ayé Sophocles, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì, 24 nínú eré apanilẹ́rìn-ín. Wọn ò ya ijó kúrò lára orin rárá. Strophe, tó jẹ́ orúkọ ìpín kan nínú orin wọn, "yíyí" ló túmọ̀ sí.

Àwọn ará Róòmù gé agbo náà sí ààbọ̀, wọ́n gbé àga àwọn aṣòfin àgbà síbẹ̀. Bí ijó ṣe kúrò lójú agbo nìyẹn.

Ní Párísì, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1581, ijó ṣì wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe eré oníjó tó ń jẹ́ Ballet comique de la reine, tí Beaujoyeulx, ará Ítálì tó ń ta fayolíìnì, tò jọ. (Ballare, "láti jó", lédè Ítálì ni "ballet" ti wá.) Òkè ni ọ̀pọ̀ òǹwòran wà tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀, nítorí náà àwòrán tí àwọn oníjó fi ara wọn yà sílẹ̀ ni ẹwà ijó náà: òbìrìkìtì, igun mẹ́rin, igun mẹ́ta. Ijó ìkẹyìn nìkan ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 40. Bí ẹnì kan bá ṣìnà, àwòrán bàjẹ́, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ já fáfá tó.

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Florence ní Ítálì ń wá bí eré Gíríìkì yóò ṣe sọjí. Ọ̀nà yẹn ni ópẹ́rà, eré tí wọ́n ń fi orin kọ, gbà dé: Euridice ní 1600, Orfeo ti Monteverdi ní 1607, tí wọ́n fi ijó moresca kádìí. Nígbà tí ìtàgé gíga wá gbilẹ̀, iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí agbo àtijọ́ wà gan-an, làwọn tó ń lo ohun èlò orin jókòó sí. Orúkọ ibẹ̀ ló mọ́ wọn lára.

Ijó náà yí padà. Iwájú ni wọ́n ti ń wò ó báyìí, àwòrán ilẹ̀ ò hàn mọ́, ẹsẹ̀ ló kù tójú ń wò. Beauchamp, olùkọ́ ijó Louis XIV ọba ilẹ̀ Faransé, to ìdúró ẹsẹ̀ márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ tó kọ ojú síta, kí oníjó lè rìn gba ẹ̀gbẹ́ láìyíjú kúrò lọ́dọ̀ òǹwòran. Oríkèé ìbàdí ni yíyí yẹn ti gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tó bá fipá yí i láti orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ á lọ́, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wó lulẹ̀.