Ojú Ọkọ Mi Pọ́n, Wọ́n Ní Kó Mu Àgbo Ṣáínà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ọ̀tún ọkọ mi ló pọ́n, ó ń ro ó, kò lè wo oòrùn rárá. Dọ́kítà ojú ní Lọ́kọ́ja ní inú ẹyinjú ló wú, ó fún un ní steroid, oògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀, tó ń kán sójú àti òmíràn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta oògùn Ṣáínà lọ́jà Kabba wá ní ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló gbóná, ó gbé páálí àgbo kan tó ń jẹ́ Longdan Xiegan fún wa, ó ní kó dá ti dọ́kítà dúró. Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ìyá Tósìn, Kabba.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tósìn, ọ̀kun o, ẹ bá mi kí bàbá. Kó máa kán oògùn ẹ̀ lọ o, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Obìnrin yẹn ò fi gbogbo ẹnu purọ́. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà gbà pé ẹ̀dọ̀ ló ni ojú, tójú bá pọ́n tó ń ta èèyàn, wọ́n á ní iná ń jó nínú ẹ̀dọ̀, Longdan Xiegan sì wà lára àgbo tí wọ́n ń sè fún un látijọ́. Wọ́n ti dán an wò náà nílé ìwòsàn wọn. Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò yẹn, steroid làwọn aláìsàn ń lò, wọ́n kàn fi àgbo kún un fáwọn kan, wọ́n wá ní ara àwọn tó lo méjèèjì yá jù. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò pọ̀, dọ́kítà àtaláìsàn sì sábà máa ń mọ ẹni tó ń mu àgbo, ta ló máa gbẹ́kẹ̀ lé irú èsì yẹn pátápátá? Pé kéèyàn wá ju steroid nù kó máa mu àgbo nìkan, kò síbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá ní òun mu ún tójú òun san, ẹ bi í bóyá Àpólò ló ṣe é. Àpólò máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹni tó fìtọ̀ fọjú gan-an á ní ìtọ̀ ló wo òun sàn. Ti ọkọ yín kì í ṣe Àpólò jàre, tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa ọmọlójú ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un loògùn kejì.

Kídìnrín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n máa ń fi igi kan tó ń jẹ́ guan mu tong sí Longdan Xiegan tẹ́lẹ̀, aristolochic acid wà nínú ẹ̀, ó ń ba kídìnrín jẹ́, ó tún ń fa jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárín 1990 sí 1992, àwọn obìnrin tó kàn fẹ́ fọn ni wọ́n fún ní oògùn tí ẹbí igi yẹn wà nínú ẹ̀, kídìnrín ọ̀pọ̀ wọn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣáínà fúnra ẹ̀ fòfin de guan mu tong ní 2003. Èwo ló wá wà nínú páálí tiyín, tí wọ́n kọ Ṣáínà sí lára láti òkè délẹ̀?

Mi ò kórìíra oògùn wọn o, ewé Ṣáínà la ti rí artemisinin tá a fi ń wo ibà, Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2015, àmọ́ wọ́n yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé yẹn, wọ́n dán an wò dáadáa kó tó di oògùn oníkóró.

Kí bàbá padà sí Lọ́kọ́ja kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú ẹ̀, torí steroid náà lè gbé e sókè, bàbá ò sì gbọ́dọ̀ dá steroid yẹn dúró lójijì. Ẹ mú páálí yẹn dání, tó bá sì ti mu nínú ẹ̀, ẹ sọ fún dọ́kítà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wo kídìnrín.