Tòmátì Ìsẹ́yìn: kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí àbúrò yín

Ẹ̀gbọ́n mi ní London, ẹ kú àjò. Ẹ ní àbúrò yín fẹ́ gbin tòmátì éékà márùn-ún sí Ìsẹ́yìn, pé ìjọba ti fòfin de tòmátì òkèèrè, kò sẹ́ni tó máa bá yín du ọjà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n inú agolo ni òfin yẹn wà.

Lọ́dún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má kó tòmátì agolo àti ti inú ọ̀rá wọlé mọ́. Èyí tí iléeṣẹ́ ń kó wọlé ní dúrọ́ọ̀mù láti wá dì níbí, owó ibodè rẹ̀ kúrò ní 5%, ó di 50%, wọ́n tún lé 1,500 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Tòmátì tútù inú apẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ òkè Ọya lẹ máa bá du ọjà.

Àwọn yẹn ń fomi rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjà a kún, owó a já. Bí tiwọn bá tán, láti bí oṣù Karùn-ún lọ, ló ń wọ́n. Lóòótọ́, ní ìparí oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà n'Íbàdàn, àwọn oníṣòwò òkè Ọya ò kó oúnjẹ wá sọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní tòmátì nílẹ̀ rí ṣe. Ta ló ń fìyẹn ṣètò òwò?

Ìgbà òjò ni tiyín gbọ́dọ̀ jáde, ìgbà òjò náà ló sì ń rọ, tó ń jẹrà. Éékà kan ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó figi gbé e dúró, kó gbin tẹ̀tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ ti dowó.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má rà á, ẹ yá a. Bó bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí ni kó fọwọ́ sí ìwé. Bí àbúrò yín ló máa fọwọ́ sí i lórúkọ yín, ẹ ṣe power of attorney (ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín) lọ́dọ̀ notary public, amòfin tó ń fòǹtẹ̀ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní London níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò WhatsApp kò tó.

Ojú ọ̀nà ni tèmi ti bàjẹ́. Apẹ̀rẹ̀ la kó o sí, ọkọ̀ kú sọ́nà mọ́jú. Ká tó dé Mile 12, ti ìsàlẹ̀ ti domi. Alágbàtà ṣì gbowó tiẹ̀ o! Owó kíréètì oníke ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí àbúrò yín sì bá àwọn ìyá alátà ní Bódìjà ṣàdéhùn kó tó fọ́n irúgbìn. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, kẹ́ ẹ fúnra yín pè wọ́n.